Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Sú Ni: Ohun Tí Mo Rí Lórí Pápá ní Èmùré

Àwọn kan nínú yín a máa bi mí pé oògùn wo ni ó wà fún iṣẹ́ tí ó sú ni. N kò ní in nínú ìgò. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe èmi náà rí.

Apòògùn ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Ìsẹ̀. Kíka hóró oògùn sínú ọ̀rá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí ó di ọdún kẹsàn-án, oorun dá lójú mi, orí a sì máa fọ́ mi ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, mo fi í pamọ́ sínú àpò ẹ̀wù. Ìyàwó mi rí i nígbà tí ó fẹ́ fọ aṣọ. Kò bá mi jà. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ara mi wò, kí n sì lọ kí àbúrò òun ọkùnrin ní Èmùré.

Tíṣà ni àbúrò yìí, òun náà sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn. Mo bá a lórí pápá, ó ń kọ́ ọmọ kan bí a ti í fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní, "Wọ́n ti nà yín ní gbogbo ìdíje sáà yìí, kí lo tún ń ṣe níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí kò lè ṣe é ní oṣù tó kọjá." Ó fi í hàn mí nínú ìwé kékeré kan, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ohun kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. "Ta ni ẹ ràn lọ́wọ́ lónìí, tí ẹ mọ̀ dájú?"

N kò rí èsì fọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí ọdún 2002. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, tí ó ti ṣe tíṣà rí, ni ó kó Super Eagles lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Argentina nà wọ́n 1-0, Sweden nà wọ́n 2-1, ó parí nìyẹn. Ìdíje kẹta, pẹ̀lú England ní 12 Oṣù Kẹfà, kò lè gbé wọn lọ síbì kankan mọ́. Ọjọ́ náà ni ó fi Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19, ṣọ́lé. 0-0 ni wọ́n gbá. Ọmọ yìí kan náà ni aṣọ́lé wa nígbà tí a gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 2013.

Mo ra ìwé kékeré tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún aláìsàn pé, "Ẹ sọ bí ẹ óò ti lò ó fún mi." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ìyá kan, tí ó ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi láti ọdún méjì, ìgbà tí orí bá fọ́ ọ nìkan ni ó ń lò ó. Ọdún méjì! (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ gbọ́: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni. Bí dókítà bá ní kí ẹ lò ó lójoojúmọ́, ẹ lò ó, bí ara tilẹ̀ le koko.) Lẹ́yìn oṣù méjì, ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé àárẹ̀ tí wàhálà iṣẹ́ ń fà: okun a tán, ọkàn a kúrò lára iṣẹ́, ọwọ́ a sì rọ. Wọn kò pè é ní àìsàn. Ṣùgbọ́n ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ṣúgà náà ń mú ni rẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó dá iṣẹ́ lẹ́bi. Bí àìróorunsùn tàbí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rí dókítà. Bí èrò ikú bá wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ sì máa rìn kánmọ́kánmọ́, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ní ti òṣìṣẹ́ tí a kò sanwó fún láti oṣù mẹ́ta, n kò ní wàásù fún un pé kí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Owó ni oògùn tirẹ̀.

Lẹ́tà mi ṣì wà nínú àpótí, n kò ya á. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí pápá Èmùré báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n ṣì nà wọ́n, 3-2.