Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Ń Gbọ́ Ohùn Àrá Lábẹ́ Ilẹ̀

Ìgbà ara là ń búra. Ẹnì kan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe yìí kò dé aṣálẹ̀ Sonora, níbi tí Arizona ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti bá Mẹ́síkò pààlà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kan ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tí gbogbo ayé rẹ̀ rọ̀ mọ́ òwe náà, ọ̀pọ̀lọ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Scaphiopus couchii láti ọdún 1854.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ohun dúdú kan tí ó le koko ní àtẹ́lẹsẹ̀. Òun ni ọkọ́ tí Elédùmarè fún un, tí ó fi ń fi ìdí walẹ̀ títí iyẹ̀pẹ̀ yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, tí yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìjẹ, láìmu, àfi omi tí ó tọ́jú sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ àti ọ̀rá tí ó kó sára.

Ní oṣù Keje ni òjò ń ṣú, tí àrá ń sán. Omi kò tíì rin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ìró òjò àti àrá tí ń mi ilẹ̀ tìtì ni ó ń pè é. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ méjì, Dimmitt àti Ruibal, kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbígbọ̀n ẹ̀rọ oníná mànàmáná lásán tó láti mú un yọrí láti inú ilẹ̀ gbígbẹ. Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, akọ a bọ́ sínú adágún, a máa ké bí àgùntàn tí ń wá ọmọ rẹ̀, abo a sì wá bá a. Láàárín ọjọ́ kan ààbọ̀, ẹyin ti pa. Bí omi bá gbóná dáadáa, ọjọ́ bíi mẹ́jọ péré tó kí ọmọ tí ń fi ìrù wẹ̀ di ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán: oòrùn ti ń fa adágún náà gbẹ.

Ẹni tí ó bá rò pé ibi tí òjò pọ̀ sí ni ọ̀pọ̀lọ́ yìí yóò pọ̀ sí, kí ó wo ilẹ̀ náà láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Òjò ìlú Tucson kò ju nǹkan bíi mìlímítà 300 lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ ni ó ń rọ̀ láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ooru mú gan-an, ọ̀pọ̀lọ́ wa sì ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá la odò Colorado kọjá sí California, díẹ̀ ni a ó rí nítòsí odò, lẹ́yìn náà a kò ní rí ọ̀kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òjò San Francisco fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Tucson. Ìgbà òtútù ni ti ibẹ̀ ń rọ̀, nígbà tí omi tutù ju ohun tí ẹyin rẹ̀ lè gbà lọ. Ìbátan rẹ̀, Spea hammondii, ni ó jogún àfonífojì California. Ọmọ tirẹ̀ ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú omi, nítorí oòrùn ìgbà òtútù kì í tètè fa adágún gbẹ.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ooru ayé tí ń pọ̀ sí i, nítorí adágún tí ó bá gbẹ ní ọjọ́ keje ti pa gbogbo ọmọ tí ìdàgbà wọn ku ọjọ́ kan. Ó ṣe é ní oore, nígbà náà, pé àwọn darandaran Arizona ń gbẹ́ kòtò omi fún màlúù wọn, nítorí omi ń pẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ náà sì ti ń yé ẹyin sínú àwọn kòtò náà.