Ọmọ Ẹni Ni Shooting Stars

Ẹ bi àwọn àgbà Ìbàdàn léèrè ọdún 1976, bọ́ọ̀lù ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Ọdún náà ni Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan kò ṣe irú rẹ̀ rí. Tonnerre láti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla, ló ni ife náà tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn nà wọ́n ní góòlù 4 sí 1. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, góòlù 1 péré ni Tonnerre fi gbẹ̀san; kò tó.

Ta ló gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. Múdà Lawal ti ṣe mẹkáníìkì rí.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í wà láìsí ẹkún. Lọ́dún 1984, Zamalek ilẹ̀ Íjíbítì borí wọn nínú àṣekágbá. Lọ́dún 1992, wọ́n na SC Villa ti Uganda, wọ́n sì gba ife CAF àkọ́kọ́. Lọ́dún 1996, Zamalek tún fi pẹnárítì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 2017 wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà. Ó di 2021 kí wọ́n tó padà.

Lónìí, Arsenal àti Chelsea ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú wọn dé pápá Lékan Sàlámì ní Adámásingbà, kí ẹ sì sọ ìtàn 1976 fún wọn.