Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi ìdíje àgbáyé: Kí ni oníṣòwò Yewa yóò rí mú bọ̀ níbẹ̀?

Bí ẹnìkan bá sọ fún aránṣọ kan nílùú Ayétòrò pé kó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lọọ máa júwe ọ̀nà fún èrò ìwòran níbi ìdíje eré ìdárayá nílẹ̀ òkèèrè, kó má sì gba kọ́bọ̀, ó ṣeé ṣe kí aránṣọ náà bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. Owó ṣọ́ọ̀bù ń bẹ nílẹ̀, alájọ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, aṣọ oníbàárà kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Ta ló ráyè iṣẹ́ ọ̀fẹ́?

Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń du iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ọ̀hún bí ẹni ń du iṣẹ́ ìjọba ni. Nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì wáyé nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012, àwọn tó kọ̀wé pé àwọn fẹ́ẹ́ ṣe é tó 240,000, ṣùgbọ́n 70,000 péré ni wọ́n mú. Ní Paris lọ́dún 2024, ó lé ní 300,000 èèyàn tó fẹ́, 45,000 ni wọ́n gbà. Ti ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Qatar lọ́dún 2022 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú nǹkan bíi 420,000 tó kọ̀wé, 20,000 ló wọlé. Ìyẹn ni pé nínú èèyàn mọ́kànlélógún, ẹyọ ẹnìkan ni wọ́n mú.

Olùyọ̀ǹda ara-ẹni ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn mìíràn a sì máa pè wọ́n ní fọ́lọ́ńtíà. Àwọn ló ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ló ń mú àlejò dé ìjókòó rẹ̀, àwọn ló ń ṣe ògbufọ̀, tí wọ́n sì ń pàdé àwọn eléré ìdárayá ní pápákọ̀ òfúrufú. Láìsí wọn, kò sí ìlú tó lè gba irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sílé bí àwọn kan ṣe rò. Lóṣù kẹwàá ọdún 2003, Àbújá gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó di ọjọ́ 24, oṣù kẹwàá, ọdún 2009, ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé tàwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì parí títí di ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá. Ikọ̀ mẹ́rìnlélógún ló wá, ìlú mẹ́jọ ni wọ́n sì pín in sí. Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ìlú mẹ́jọ náà. Ẹni tó ń gbé n'Ílaròó nígbà náà kò nílò físà kankan kó tó dé ibi tí ìdíje àgbáyé ti ń lọ, torí inú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni.

Ohun tí wọ́n ń fún èèyàn, àtohun tí wọn kì í fún un

Ó yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń san àtohun tí wọn kì í san. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá, wọ́n máa ń fún olùyọ̀ǹda ní aṣọ iṣẹ́, oúnjẹ lọ́jọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ wíwọ̀ láàárín ìlú tí ìdíje ti ń wáyé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ẹ̀rí. Wọn kì í san owó oṣù. Wọn kì í sábà san owó ọkọ̀ òfúrufú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà pèsè ibi tí èèyàn yóò sùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní kí olùyọ̀ǹda fi sílẹ̀, láìka ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Bó bá wá jẹ́ pé N8,000 ni aránṣọ Ayétòrò yẹn ń jẹ lérè lójúmọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ méjìdínlógún ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èrè tó sọnù ti di N144,000 nìyẹn. Bí ibùsùn bá ń gba N10,000 lálẹ́ kan, ogún alẹ́ ti gbé N200,000 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N344,000, owó ọkọ̀ òfúrufú, pásípọ́ọ̀tì, yẹ́lò káàdì àti oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Oníbàárà tó dé, tó bá ilẹ̀kùn ní títì, tó sì gba ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn lọ tún ń bẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣírò ìyẹn.

Nítorí náà, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fẹ́ni tó ń ṣe é. Owó òkòwò ni, ó sì yẹ kó mú nǹkan bọ̀ bíi gbogbo owó òkòwò.

Èdè ni ọjà tí Yewa ní

Ohun kan wà lọ́wọ́ ọmọ Yewa tí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Láti Ìmẹ̀kọ títí dé Ìdí-Ìrókò, ẹ̀gbẹ́ ààlà ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó ń ná ọjà Kétu tàbí Pobè ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá ló fi ń dúnàá dúrà pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ló ń gbọ́ lẹ́nu ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè ibẹ̀. Àwọn mìíràn tún gbọ́ Ègùn mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀, èdè náà á wọlé sí wọn lára.

Èdè méjì ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé sì ń lò fún iṣẹ́ rẹ̀, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì lè dúró láàárín àlejò tó wá láti Kútọnu àtèyí tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ Faransé ọjà nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fi ṣiṣẹ́ ní láti lọọ tún un kọ́, kó lè kọ ọ́, kó sì lè kà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Abúlé Èdè Faransé tó wà l'Ájárá, l'Ágbádárìgì, kí wọ́n lè máa gbọ́ èdè náà lójoojúmọ́. Ọmọ Yewa ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé.

Ìdí nìyí tí ìdíje Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar, lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, fi kan agbègbè yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, sí ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún 2026 ni wọ́n fi sí. Òun ni ìdíje Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá sórí ilẹ̀ Áfíríkà. Faransé ni ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS kò sì nílò físà láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kálẹ́ńdà ìdíje kò mọ kálẹ́ńdà ọjà. Oṣù kọkànlá ni aṣọ Kérésì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́wọ́ aránṣọ. Ẹni tó bá fi àkókò yẹn sílẹ̀ lè pàdánù ju N8,000 lójúmọ́ lọ. Ti ẹni tó ń ta ajílẹ̀ tàbí irinṣẹ́ oko yàtọ̀, nítorí ìgbà òjò ni ọjà tirẹ̀ ń yá. Kóńkó jabele, kálukú ló mọ ìgbà tí ọjà tirẹ̀ ń dákẹ́.

Ìwé kíkọ náà sì nígbà tirẹ̀. Oṣù keje ọdún 2024 ni ti Paris bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù kẹta ọdún 2023 ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fáwọn tó fẹ́ẹ́ yọ̀ǹda ara wọn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí tẹlifíṣàn ń pariwo ti pẹ́ jù.

Kì í ṣe ibi ìpàtẹ ọjà

Àṣìṣe kan tún wà tó yẹ kí oníṣòwò yẹra fún, ìyẹn ni kéèyàn rò pé òun yóò wọ aṣọ olùyọ̀ǹda, kóun sì máa fọgbọ́n tajà nínú pápá. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò gbọdọ̀ tajà níbẹ̀. Àmì FIFA àti òrùka márùn-ún Òlíńpíìkì náà kì í ṣe ohun téèyàn lè tẹ̀ sára fìlà láìgbàṣẹ. Ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2010, wọn kò jẹ́ káwọn tó ń kiri ọjà sún mọ́ àyíká pápá ìṣeré bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ẹni tó bá jẹ́ pé owó ló ń wá, ẹnu ọ̀nà àwọn agbaṣẹ́ṣe ni kó gbà. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, àwọn eléré ìdárayá jẹun, wọ́n sùn, wọ́n wọkọ̀, wọ́n sì fọṣọ. Ibẹ̀ lówó wà fún olóúnjẹ, onímọ́tò àti alágbàfọ̀.

Kí wá ni èrè olùyọ̀ǹda? Ìmọ̀ ni. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to èrò sórí ìlà láìsí ìjà, bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tínú ń bí lóhùn, bí wọ́n ṣe ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, àti ẹni tó yẹ kó fọ̀rọ̀ tó lé fún kíá. Ṣọ́ọ̀bù tí èrò máa ń rọ́ sí lọ́jọ́ ọdún mọ iye tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn oníjìbìtì

Níbi tí èèyàn mọ́kànlélógún bá ti ń du àyè kan, gbájúẹ̀ kò ní í jìnnà. Fọ́ọ̀mù olùyọ̀ǹda kì í ṣe títà. Ti Lọ́ńdọ̀nù, Qatar àti Paris kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù, tàbí tó ní òun yóò fi ìdíje bá yín gba físà, tó sì jẹ́ pé inú àpò ìkówósí tirẹ̀ ló ní kẹ́ ẹ sanwó sí, ẹ sá fún un. Orí ìkànnì ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ̀wé.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ dán an wò láìná owó púpọ̀, Èkó ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá eré ìje Màrátọ́ọ̀nù ìlú Èkó, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì. Àwọn eléré ìje máa ń wá láti Kẹ́ńyà àti Ethiopia, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì máa ń pín omi fún wọn lójú ọ̀nà. Aránṣọ Ayétòrò tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, N24,000 àti owó ọkọ̀ ló ná an. Ọdún Kérésì ti lọ nígbà náà, ọjà ti rọlẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ajé, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ló fẹ́ẹ́ lọ, kí ọ̀gá àti àwọn òbí rẹ̀ jókòó sọ ọ́ ṣáájú bóyá wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ náà kún ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lówó oṣù kò yẹ kó dá ìjà owó sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.