Iná Tó Kú Nínú Òṣùpá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí òṣùpá bá yọ lálẹ́, ìbáà ṣe Kánò ni ẹ wà tàbí Jọ́ọ̀sì, àwọn àmì dúdú tí a máa ń wò lójú rẹ̀ nílé náà ni ẹ ó rí. Òkúta yíyọ́ tó tú jáde láti inú òṣùpá láyé àtijọ́, tó sì dì, ni wọ́n. Irú òkúta dúdú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Jọ́ọ̀sì tàbí Bíu.

Láàárín àmì wọ̀nyí ni àwọn òkè oníná kan wà, pẹlẹbẹ bí asà jagunjagun tí a tẹ́ sílẹ̀. Bí a bá da àmàlà sílẹ̀, yóò kóra jọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mímu yóò tàn kálẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ mímu ni òkúta yíyọ́ inú òṣùpá rí. Nígbà tó ń tú jáde yanturu, ó tẹ́ bí pápá. Nígbà tí agbára rẹ̀ dín kù, tó ń rọra sun, ó gun orí ara rẹ̀, ó sì di òkè tí kò ga púpọ̀.

Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ni Oceanus Procellarum, ìyẹn Òkun Ìjì, bí kò tilẹ̀ sí omi níbẹ̀. Àkójọ òkè tí à ń pè ní Mons Rümker wà níbẹ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 70.

Ọ̀pọ̀ òkúta dúdú tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó wálé láàárín 1969 sí 1972 ti ju bílíọ̀nù ọdún 3 lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2020, ọkọ̀ Chang'e 5 ti ilẹ̀ Ṣáínà balẹ̀ sí pápá kan ní agbègbè Rümker, ó sì kó gíráàmù 1,731 bọ̀. Ní 2021, àyẹ̀wò fi hàn pé òkúta tibẹ̀ kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 2 lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, nítorí ìkòkò kékeré kì í pẹ́ tutù, òṣùpá sì kéré sí ayé lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n ti rò pé àwọn èròjà tó ń mú ooru wá fúnra wọn ló pa iná náà mọ́. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà fi hàn pé ibi tí òkúta yìí ti yọ́ kò ní wọn lọ́pọ̀. Kí ló wá ń ko iná náà?

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Eérú yẹn ni à ń wò lójú òṣùpá. Ẹni tó dáná náà ni a kò tíì mọ̀.