Ọ̀sẹ̀ Wo Ló Yẹ Ká Da Iyanrìn sí Kòtò Tírélà?

Ẹni tó bá ń ti Ajégúnlẹ̀ rìn lọ sí Àpápá lásìkò òjò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Táyà tírélà á gbẹ́ ilẹ̀ títí á fi di kòtò, òjò á rọ̀ sí i, omi á dúró. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn gọ́tà dúdú tí gbogbo wa máa ń bú. Irú omi kòtò yìí gan-an ló máa ń wù ú láti yé ẹyin sí, kò sì ní ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹyin náà á fi di ẹ̀fọn.

Ní àdúgbò wa, àwọn bàbá onílé máa ń dá owó iyanrìn láti fi dí kòtò. Owó náà kì í tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí ibà ti dá ọmọ mẹ́rin dúbúlẹ̀ nínú ilé wa, tí àbúrò mi wà nínú wọn, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọn ò tètè dá a. Wọ́n ní, "Ẹ̀fọn ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, kí la fẹ́ náwó lé lórí?" Ọ̀rọ̀ yẹn jọ òótọ́ létí mi. Mo wá fi ìṣirò wò ó.

Ká ní ẹ̀fọn 100 ló wà, tí wọ́n ń di ìlọ́po méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. (Nọ́ńbà tèmi ni o, kó lè rọrùn.) Á jẹ́ 100, 200, 400, 800. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,500. Ká tún ní iyanrìn ẹ̀ẹ̀kan máa ń pa mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Tí a bá dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin, 600 la máa pa, àròpọ̀ á wá jẹ́ 900. Tí a bá dà á lọ́sẹ̀ kìíní, 75 péré la máa pa, ṣùgbọ́n àròpọ̀ á já sí 375. Owó kan náà o!

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ èyí láìdán gbogbo ọ̀sẹ̀ wò? Ẹ̀yìn la ti máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin, iye ẹ̀fọn kan jẹ́ 1, torí eré ti parí. Lọ́sẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ 1, ó sì máa di méjì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di 3. Lọ́sẹ̀ kejì, 7. Lọ́sẹ̀ kìíní, 15. Ẹ sọ 75 di ìlọ́po 15, ẹ ó rí 1,125. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1,500, 375 yẹn náà ló máa kù. Lev Pontryagin, ọmọ Rọ́ṣíà tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé òfin irú ìṣirò yìí kalẹ̀ láwọn ọdún 1950. Optimal control ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà.

Èkó ti ní irú ìbéèrè yìí tipẹ́. Lẹ́yìn tí Ronald Ross fi hàn ní 1897 pé ara ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ti ń dàgbà, àwọn kan ní ká fa omi kúrò nílẹ̀, àwọn kan ní oògùn kuináìnì ló kàn. Gómìnà MacGregor ṣe méjèèjì níbí. Kánààlù tó gbẹ́ sáàárín Èkó àti Ìkòyí ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èwo ló yẹ kó pọ̀ jù, nígbà wo? Ẹ sọ pé ohun mẹ́ta la lè mú nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iyanrìn, nẹ́ẹ̀tì tàbí oògùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 26, ètò tó ṣeé tò ju 2,500,000,000,000 lọ. Kò sẹ́ni tó lè dán gbogbo rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀fọn gidi kì í kàn di ìlọ́po méjì lọ títí: ó ń kó ibà ran èèyàn, èèyàn náà ń kó o ran ẹ̀fọn. Ká tó mọ iye ẹ̀fọn kan, àfi ká mọ ohun tí a máa ṣe, ká sì tó mọ ohun tí a máa ṣe, àfi ká mọ iye ẹ̀fọn. Bíi pé ẹni méjì ń dúró de ara wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe ni pé ó máa kọ́kọ́ méfò ètò kan, bó ti wù kó burú tó. Ó máa ka ẹ̀fọn àti aláìsàn lọ síwájú, díẹ̀díẹ̀, láti ọjọ́ kìíní dé òpin. Ó máa wá ka iye wọn padà sẹ́yìn láti òpin dé ọjọ́ kìíní. Iye yẹn ló máa fi tún ètò rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í sọ ti àtijọ́ nù pátápátá. Àárín méjèèjì ló máa ń mú, torí tó bá fò jù, ó lè máa já síhìn-ín já sọ́hùn-ún láìdúró. Lọ síwájú, padà sẹ́yìn, títí ètò náà ò fi ní yí padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní forward-backward sweep. Irú ìṣirò ibà àti ẹ̀fọn báyìí ni Abba Gumel, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní Bayero University, Kano, fi di ẹni tí ayé mọ̀.

Àléébù kan wà ńbẹ̀ lójú tèmi. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé tírélà míì máa tún kòtò gbẹ́ lọ́la, àfi téèyàn bá kọ ọ́ sí i.

Mo fi ìwé ìṣirò mi han bàbá mi. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe ti ọ̀sẹ̀ kejì náà fún àwọn, torí owó lè má tíì pé lọ́sẹ̀ kìíní. Mo ṣe é: 450. Wọ́n ká ìwé náà sápò. Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé onílé.