Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ojú Ìfihàn àti Gbèdéke Ìgbàwọlé nínú Lílo Áńpílífáyà pH

1.0 Ìfáàrà
Ní ọdún 1909 ni S. P. L. Sørensen, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilẹ̀ Denmark, gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀. Ní ọdún 1934, Arnold Beckman ní California ṣe áńpílífáyà tí a lè fi mọ bí omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣe kan tó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a ń rí ní ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò. Síbẹ̀, àwọn tó ń lò ó a máa ṣi ojú ìfihàn mú fún gbèdéke ìgbàwọlé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àṣìṣe ti ojú ìfihàn ṣeé tún ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, ṣùgbọ́n ti gbèdéke ìgbàwọlé kò ṣeé tún ṣe.

2.0 Àmì tí ó ń ti ẹlẹ́kítíróòdù wá
Ẹlẹ́kítíróòdù onígíláàsì kì í mú pH jáde. Fóltì ni ó ń mú jáde. Nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, àmì náà kì í jìnnà sí òdo. Bí ìgbóná bá jẹ́ 25°C, ìyàtọ̀ pH kan jẹ́ mílífóltì 59.16, bí ó bá jẹ́ 30°C, ó di 60.15. Nítorí náà, láti pH 0 dé 14 ní 25°C, àmì náà kò ju nǹkan bíi mílífóltì 414 lọ lókè òdo, àti 414 nísàlẹ̀ rẹ̀.

3.0 Gbèdéke ìgbàwọlé
Èyí ni iye fóltì tí ẹ̀rọ lè gbà wọlé láti kà. Ẹ̀rọ oníbíìtì 12 a máa pín gbèdéke yìí sí ìpele 4,096. Bí gbèdéke bá jẹ́ fóltì 10 lókè àti nísàlẹ̀ òdo, ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílífóltì 4.88, èyí tí ó tó 0.08 pH. Bí ó bá jẹ́ mílífóltì 500, ìpele kọ̀ọ̀kan di mílífóltì 0.24, èyí tí kò ju 0.004 pH lọ. Gbèdéke tí ó fẹ̀ jù a máa sọ àbájáde di gbàgẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó há jù léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń kán sódíọ̀mù háídírọ́kísáìdì sínú ásíìdì ẹ́sítíìkì, èyí tí ó ń mú fínígà kan, pH lè gbéra láti nǹkan bíi 3 dé 12. Àmì rẹ̀ yóò lọ láti mílífóltì 237 lókè òdo dé 296 nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí gbèdéke bá jẹ́ 200, kìkì pH 3.6 sí 10.4 ni ẹ̀rọ yóò kà. Ìlà yóò tẹ́jú ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, ẹni tí kò fura yóò sì rò pé ìwà ásíìdì náà ni. Bí omi àyẹ̀wò bá ṣẹ́ kù, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Bí kò bá ṣẹ́ kù, iṣẹ́ náà parí síbẹ̀.

4.0 Ojú ìfihàn
Fífa ìlà gùn tàbí sísún un kì í yí iye tí ẹ̀rọ ti kọ sílẹ̀ padà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń tú àṣírí gbèdéke. Bí a bá fa ààrin pH 6.8 àti 7.2 gùn tí ìlà sì rí bí àkàsọ̀, gbèdéke ti fẹ̀ jù. Bí ìlà bá tẹ́jú pátápátá sí iye tí gbèdéke parí sí, ó ti há jù.

5.0 Ètò iṣẹ́
Gbèdéke ni kí a kọ́kọ́ yàn. Lẹ́yìn náà ni kí a fi bọ́fà pH 7 mú òdo, kí a fi bọ́fà pH 4 mú ìwọ̀n mílífóltì fún pH kan, kí a sì fi bọ́fà pH 10 dán apá kejì wò. Ojú ìfihàn ni ó gbẹ̀yìn. Bí a bá yí gbèdéke padà, kí a tún àwọn bọ́fà náà wò.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Ohun tí ojú rí lórí ẹ̀rọ kò ju ohun tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbà wọlé lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá rí ìlà títẹ́jú tó sọ pé ásíìdì ni ó fà á, kí ó kọ́kọ́ bi gbèdéke léèrè.