Ojú Ìsọ̀ Lè Béèrè, Kò Gbọdọ̀ Pàṣẹ

Ohun tí ètò yìí gbé yẹ̀wò ni àjọṣe tí ó wà láàrin ojú ìwé tí ènìyàn ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà yé ni. Ọjà yìí kò ní ojúlé kan ṣoṣo, òpópónà púpọ̀ ni ó gbà kan. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ojú, ó sì ní inú. Ojú ìsọ̀ ni oníbàárà ń rí: léèsì tí a tẹ́ àti ànkárá tí a fi kọ́. Inú ìsọ̀ ni ẹrù gan-an wà, pẹ̀lú ìwé gbèsè àti àkọsílẹ̀ iye tí a ra ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kọ̀ǹpútà tí oníṣòwò fi ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ní ojú àti inú. Ìbéèrè náà ni pé, títí dé àyè wo ni ojú lè bá inú sọ̀rọ̀?

Trygve Reenskaug, ọmọ ilẹ̀ Norway, ni ó gbé ìlànà ìpín náà kalẹ̀ ní ọdún 1979 nígbà tí ó wà ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní Amẹ́ríkà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, model ni ẹ̀ka tí ó mọ ọjà, tí ó mọ iye rẹ̀ àti òfin tí ó de títà rẹ̀. View ni ojú ìwé tí oníbàárà ń wò. Controller dà bí ọmọ ọjà tí ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, tí ó ń tọ model lọ, tí ó sì ń mú èsì wá fún view. Method ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a kọ́ model láti ṣe. Ruby on Rails (2004), Django (2005) àti Laravel (2011), tí í ṣe òpómúléró tí àwọn akọ̀ètò ń kọ́ iṣẹ́ wọn lé, jogún ìpín yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé template ni Django ń pe ojú ìwé náà.

Àwọn kan gbà pé view kò gbọdọ̀ pe method model rárá. Ọgbọ́n wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n ó le ju bí ó ti yẹ lọ. Àpẹẹrẹ kan ni owó-orí ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT. Ní 1 Oṣù Kejì 2020, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé e láti ìdá 5 sí ìdá 7.5 nínú 100. Léèsì 40,000 náírà, tí VAT rẹ̀ jẹ́ 2,000 tẹ́lẹ̀, di èyí tí VAT rẹ̀ jẹ́ 3,000. Bí akọ̀ètò bá ti ṣírò owó yìí sínú ojú ìwé ọjà, ojú ìwé apẹ̀rẹ̀ àti rìsíìtì, ibi mẹ́ta ni yóò ti ṣe àtúnṣe. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, oníbàárà yóò rí 42,000 níbì kan, yóò sì rí 43,000 níbòmíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye méjì lẹ́nu ìsọ̀ kan náà ní Balógun yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n bí method kan bá wà nínú model tí ó ń sọ àpapọ̀ owó, tí gbogbo view sì ń bi í, ibi kan ṣoṣo ni àtúnṣe. Model mọ ọjọ́ tí a ta ọjà pẹ̀lú. Rìsíìtì Oṣù Kìíní 2020 yóò sì máa fi 42,000 hàn bí ó ti yẹ.

Nítorí náà, view lè béèrè. Ohun tí kò tọ́ ni pé kí ó pàṣẹ. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí view bá pe method tí ó ń dín iye ẹrù kù, léèsì 10 yóò tán nínú àkọsílẹ̀ bí ènìyàn bá ti ṣí ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra ọ̀kan. Django ṣe ọgbà yí ewu yìí ká. Template rẹ̀ lè pe method, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀rọ̀ kankan kún ìpè náà. Ó tún fi àmì kan, alters_data, sára save àti delete. Bí template bá pè wọ́n, wọn kò ní ṣiṣẹ́, àyè wọn yóò sì ṣófo. Method tuntun tí akọ̀ètò bá kọ fúnra rẹ̀, òun ni yóò fi àmì náà sí i. Rails àti Laravel kò ṣe irú ọgbà bẹ́ẹ̀: view ti àkọ́kọ́ gba èdè Ruby, ti èkejì gba PHP, ìkóra-ẹni-níjàánu akọ̀ètò sì ni ọgbà tí ó kù.

Síbẹ̀, ìbéèrè pàápàá ní iye tí ó ń náni. Bí ojú ìwé kan bá to léèsì 50, tí view sì ń bi léèsì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ onísọ̀ tí ó ni ín, ètò náà lè lọ sí àká àkọsílẹ̀ ní ìgbà 51: ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo léèsì, àti ìgbà 50 fún àwọn orúkọ. Ó dà bí ọmọ ọjà tí ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ẹrù nítorí aṣọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó yẹ kí ó mú ìwé kan lọ kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ wá. Controller ni ó yẹ kí ó ti béèrè fún àwọn orúkọ náà ṣáájú: includes ni a fi ń ṣe é nínú Rails, select_related nínú Django, àti with nínú Laravel. Ìrìn 51 yóò sì di ẹyọ kan tàbí méjì.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kí ó tó pe method láti inú view. Ṣé èsì nìkan ni method yìí ń fún ni? Ǹjẹ́ ó ń yí ohunkóhun padà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ojú ìwé kan yóò pè é? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn wọn yóò kọ ètò tí iye owó rẹ̀ kì í yàtọ̀ láti ojú ìwé dé ojú ìwé, èyí tí oníbàárà lè gbẹ́kẹ̀ lé.